Ádímírà Odò Ògìdì

Kò sí òkun ní Ìdí-Ẹ̀mì. Mo fẹ́ kí á jọ fẹnu kò lórí èyí ná kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé Alága Kàdírì Ládòkun kò gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa wà láàárín Ṣakí àti Àgó-Àmọ̀dù, níbi tí igi ẹ̀mì àti igi irúgbá dúró káàkiri nínú koríko. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà là ń gbìn. Odò kan ṣoṣo tí a ní ni Odò Ògìdì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ a máa gba inú rẹ̀ kọjá kí omi má kan orúnkún rẹ̀. Nígbà òjò, abiyamọ kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀.

Kí Ládòkun tó di alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ó ti bá àwọn olóṣèlú gbé báàgì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn. Báàgì gbígbé yẹn ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìjọba: pé ẹni ńlá kì í ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, pé kì í dé ibi ìpàdé lásìkò, pé bí ó bá sín, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́dọ̀ kí i. Láti ilé rẹ̀ sí ọ́fíìsì kò ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ. Síbẹ̀, tí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ á ṣáájú, ọkọ̀ á tẹ̀ lé e, fèrè á máa ké, àwọn adìyẹ á sì sá wọ inú ilé onílé.

Igbákejì rẹ̀ ni Olúkúnlé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jẹ́ pé ìyìn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí Ládòkun bá ní, “Òjò fẹ́ rọ̀,” Olúkúnlé á mi orí, á ní, “Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn, Alága. Ẹlòmíì ì bá ti wo ojú ọ̀run kó má rí nǹkan kan.”

Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pe Ládòkun sí àpérò kan nílẹ̀ òyìnbó. Kò rántí ohun tí àpérò náà dá lé lórí. Ohun tó rántí ni pé wọ́n mú wọn lọ sí èbúté kan, ó sì rí i tí ọkọ̀ dúdú ńlá kan yọ láti abẹ́ omi bí ẹja ràbàtà. Ìdérí rẹ̀ ṣí, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun jáde síta, gbogbo àwọn tó wà létí omi sì na ṣanṣan, wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí wọn. Ládòkun wo ìkíni yẹn, ó gbé itọ́ mì. Nígbà tó padà délé, ọkàn rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ó pe àwọn káńsẹ́lọ̀ jọ.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “kí ni ìtumọ̀ orúkọ mi?”

Oníkálukú ń wá ìdáhùn tí inú rẹ̀ yóò dùn sí.

“Ládòkun. Ọlá ti di òkun. Àwọn baba ńlá mi ti rí i kí wọ́n tó bí mi. Ọlá yìí ti ṣe odò fún ìgbà pípẹ́, àsìkò tó wàyí láti di òkun. Mo ti bá ilé iṣẹ́ ńlá kan nílẹ̀ òyìnbó sọ̀rọ̀. Mo ti bá olórí ìlú kan lódìkejì ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tọwọ́ bọ àdéhùn. Wọn yóò kọ́ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi fún wa.”

Jẹ́ẹ́dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kó tó di káńsẹ́lọ̀, rọra na ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀wọ́, Alága, ẹ má bínú. Abẹ́ omi wo ni ọkọ̀ náà yóò máa gbà?”

Ládòkun rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí àìmọ̀kan. “Tíṣà, ṣé omi ló ń dúró de ọkọ̀, àbí ọkọ̀ ló ń dúró de omi?”

Ìbéèrè náà kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Olúkúnlé ti ń pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì dara pọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n má baà fura sí wọn.

“Ta ni a fẹ́ bá jà?” Jẹ́ẹ́dé tún béèrè.

“Ọ̀tá tí ènìyàn bá lè rí, kì í ṣe ọ̀tá gidi,” ni Alága wí. “Èyí tí a kò rí ni kí á bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ra ọkọ̀ tí wọn kò ní rí.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ mọ bí àwọn àgbà mẹ́wàá tí orí wọn pé ṣe lè jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ẹ kò tíì rí àga tí wọ́n jókòó lé ni. Àga náà rọ̀.

Ọkọ̀ náà wọ́n débi pé ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà àwọn ọmọ wa ni yóò ṣì máa san án. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó fẹ́ kí á fi nǹkan sílẹ̀ ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, owó tó sì wà nílẹ̀ kò ju ti afárá lọ. Òun ni Alága fẹ́ kó fún wọn lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti afárá náà. Abúlé kan wà ní ìhà kejì Odò Ògìdì, Òdìkejì là ń pè é. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ iṣu tó dára jù wà. Nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Misturat bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, odò sì kún. Nọ́ọ̀sì Olúwafọlákẹ́mi, tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn wa, gbọ́ igbe wọn láti òdìkejì omi. Ó di àpò oògùn mọ́rí, ó gbé àyà lé igbá ńlá, ọkùnrin méjì sì ń tì í kọjá. Ó rí ẹ̀mí Misturat gbà. Ọmọ náà ti kú kó tó dé. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú, ti mọ́ṣáláṣí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń sá lọ sá bọ̀ ní Ìbàdàn, títí tí wọ́n fi fún wa lówó afárá. Wọ́n ti já irin àti òkúta sílẹ̀ létí odò. A ti ń lọ wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń lọ wo ìyàwó tuntun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n sì kó irin náà lọ. Alága ní kí wọ́n fi kọ́ èbúté síwájú ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun ojú omi kì í bọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán.

Àlàájà Mùyìbátù, ìyálọ́jà àwọn oníṣu, kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ bá a. Wọ́n fi wọ́n sínú oòrùn títí tí Alága fi jẹun tán.

“Ẹ káàsán, Alága,” ni Àlàájà wí. “Irin afárá wa la wá béèrè.”

“Ìyá, irin náà ti gba ìgbéga. Tẹ́lẹ̀, irin afárá ni. Ní báyìí, irin ààbò orílẹ̀-èdè ni.”

“Àwọn ará Òdìkejì ń kọ́?”

“Ọkọ̀ abẹ́ omi yóò máa gba iwájú wọn kọjá. Ọlá ńlá ni.”

“Wọn kò ní lè rí i, ẹ ṣebí abẹ́ omi ló wà.”

“Ìyẹn gan-an ni agbára rẹ̀,” ni Ládòkun wí, ó sì dìde láti fi hàn pé ìpàdé ti parí. Olúkúnlé ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó sì bá wọn sọ ọ́ kẹ́lẹ́ pé òun náà kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe sọ pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Olúwafọlákẹ́mi ló dá àṣà tuntun sílẹ̀, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ rò ó tẹ́lẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan nígbà tí àwọn ọkọ̀ Alága dé pẹ̀lú fèrè wọn. Ilẹ̀ gbẹ, eruku ń sọ. Nọ́ọ̀sì dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì rọra ń gbẹ́sẹ̀ lórí títì bí ẹni ń wọ́ omi kọjá. Àwọn oníṣu rí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ọjà, gbogbo ìlú ti ń ṣe é. Bí fèrè bá ti ké, àwọn ọkùnrin á ká ṣòkòtò, àwọn obìnrin á gbá ìró mú sókè, wọ́n á kó bàtà sí abíyá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́mọ́mù pàápàá gbé agbádá rẹ̀ sókè. Kò sí ẹni tó bú Alága. Kò sí ẹni tó sọ òkò.

“Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?” Ládòkun béèrè nínú ọkọ̀.

Olúkúnlé wo ìta, ó sì ronú kíákíá. “Ìkíni àwọn ará ojú omi ni, Alága. Wọ́n ti ń kọ́ ọ.”

Ojú Ládòkun kún fún omijé ayọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló fi òfin de ìlú pé láti òní lọ, ìkíni yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kí Alága. Àwọn ará ìlú gba òfin náà tọwọ́tẹsẹ̀. N kò tíì rí òfin ìjọba tí àwọn ènìyàn wa pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi ìbuwọ́lùwé sí, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni omi tó ṣeé fi han àlejò máa ń wà nínú Ògìdì. Ládòkun ti rán aṣọ funfun ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti fi oyè Ádímírà jẹ ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ òyìnbó rán ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ni, ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Ràsáàkì, olórí ìlú láti Bẹ̀nẹ̀, gba ọ̀nà Ìjìó wọlé. Wọ́n pàgọ́ sétí odò. Gbogbo ìlú wá.

Bí Alága ṣe sọ̀ kalẹ̀, ogunlọ́gọ̀ náà ká aṣọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì sọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ládòkun sọ̀rọ̀ fún ìgbà tó pẹ́. Ó ní Ìdí-Ẹ̀mì ti di ìlú etí òkun. Ó ní kí àwọn ọ̀tá tí a kò rí máa sá lọ síbi tí a kò ti ní rí wọn mọ́. Ràsáàkì fi etí kan gbọ́ ọ, ó sì tẹ̀ sọ́dọ̀ Àlàájà Mùyìbátù.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni gbogbo yín fi gbáṣọ dání?”

“Ìlú etí òkun ni wọ́n ní a jẹ́,” Àlàájà dáhùn. “A kò fẹ́ kí aṣọ wa tutù.” Ó wá sọ ti irin fún un, àti ti afárá, àti ti ọmọ Misturat. Kò gbé ohùn sókè, kò sì fi kún un.

Nígbà tí wọ́n gbé kálàmù fún Ràsáàkì, ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Yorùbá Ṣábẹ̀ẹ́, ti ìhà tiwọn, ló fi sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

“Alága, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ọkọ̀ tí yóò máa kó èèyàn àti ẹrù ni. Ogun ni mo gbọ́ lẹ́nu yín lónìí. Ìlú tiwa ni ẹ fẹ̀gbẹ́ kàn. Ta lẹ fẹ́ bá jà?”

“Ọ̀tá tí a kò rí,” ni Ládòkun wí.

“Èmi rèé tí ẹ ń wò. Ìdí-Ẹ̀mì níbí ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá àna rẹ̀ jà kì í pe àna náà wá buwọ́ lù ú.”

Òyìnbó náà ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n wí. Ládòkun wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé Olúkúnlé, tó sábà máa ń dúró sí èjìká rẹ̀, ti sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

“Ẹ ó rí agbára,” ni Alága wí. Ó rìn lọ síbi ọkọ̀ kékeré náà. Òyìnbó sáré tẹ̀ lé e, ó ń júwe okùn tí wọn kò tíì so. Ládòkun tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ádímírà kì í so okùn, ó ní. Ó kó wọ inú rẹ̀, ó pa ìdérí dé, ó sì fọwọ́ tẹ ohun tó rí.

Ọkọ̀ náà kò wọ abẹ́ omi, kò sì dúró lójú omi. Yíyí ló ń yí gbirigbiri bí àdó tí ọmọdé jù sódò. Ògìdì gbé e, ó sọ ọ́ lu àpáta kan, ó tún gbé e. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ní ibi tí odò ti wọ́, omi sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀ ní etí kejì, àwọn àgbẹ̀ Òdìkejì sì sáré wá, wọ́n fi ẹ̀yìn àdá ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ádímírà ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí orí náà yọ, tó ń wúkọ́, tí gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó wà láàyè, ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ìhà tiwa. Ọ̀pọ̀ ló jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó lè rín in tán.

Ní Òdìkejì, Misturat bu omi fún un láti fi fọ ojú.

“Ẹ bá mi pe ọkọ̀,” ni Ládòkun wí.

“Ọkọ̀ wo, sà?”

“Èyí tí yóò gbé mi kọjá.”

“Kò sí ọkọ̀, sà. Igbá ni a ní, ẹ̀yin sì sanra.”

“Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é nígbà náà?”

“A máa ń dúró.”

“Títí di ìgbà wo?”

Misturat gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. “Títí odò yóò fi fà. Tí aláìsàn bá wà, a lè dúró títí kò fi ní nílò ilé ìwòsàn mọ́. Ọmọ tèmi kò tilẹ̀ jẹ́ kí á dúró pẹ́.”

Ládòkun wò ó. Ó ti gbọ́ ti ọmọ kan tó kú, nínú ìpàdé kan, láàárín ọ̀rọ̀ èbúté àti ọ̀rọ̀ aṣọ funfun. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kéré báyìí. Misturat wọlé lọ gbé ẹ̀kọ wá fún un.

Òjò kò dá. Bí Alága ṣe wà ní Òdìkejì, tó ń sùn lórí ẹní ọkọ Misturat, nǹkan ń lọ ní ìlú. Àwọn obìnrin ti jókòó síwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò kúrò níbẹ̀ tí àdéhùn náà kò bá kú. Láti Ìbàdàn, ẹnì kan fi fóònù béèrè ta ló fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti ní ọmọ ogun. Àwọn káńsẹ́lọ̀ sáré jókòó. Jẹ́ẹ́dé ní kí wọ́n dúró kí Alága wá sọ tẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Olúkúnlé ló dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó fi gbogbo oríkì Ládòkun ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àbá náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ń na ọwọ́ sókè láti dìbò.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá sétí odò pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wọ agbádá tuntun, àwọn ọkọ̀ ìjọba tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e. Ní ìhà kejì, gbogbo Òdìkejì jáde, Ládòkun sì wà láàárín wọn nínú aṣọ oko tí wọ́n yá a.

Atẹ́gùn ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá ní ègé ègé. “Pẹ̀lú ìbànújẹ́,” ni wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà, “Alága wa àtijọ́.” Lẹ́yìn náà, “èmi tí ipò yìí kò wù rárá.” Ládòkun kò kígbe. Ó kàn rọra jókòó lé gbòǹgbò igi, bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò sì tíì mọ̀.

“Àdéhùn ọkọ̀ ogun ti kú,” Olúkúnlé ń bá a lọ. Àwọn obìnrin yọ̀, ó sì dúró de ìyìn wọn. “Ní ti afárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Irin yóò padà, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run.”

Ní gbogbo Òkè-Ògùn, kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ láìpẹ́ ju Ládòkun lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti fi sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di arúgbó. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí fèrè.

“Ọjọ́ wo?” ó ké.

Omi gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó tún ké e. Misturat wò ó, ó sì bá a ké e. Àwọn àgbẹ̀ tó kù gbà á lẹ́nu wọn, títí tí ọ̀rọ̀ méjì náà fi kọjá odò.

Àlàájà Mùyìbátù yíjú sí alága tuntun. “Wọ́n ń béèrè lódìkejì, Alága. Wọ́n ní ọjọ́ wo.”

“Mo ní láìpẹ́, Ìyá.”

“Wọ́n gbọ́ ìyẹn.”

Olúkúnlé wo ọkọ̀ rẹ̀. Àlàájà àti àwọn oníṣu ti tẹ́ ẹní jókòó sójú ọ̀nà, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì wà láàárín wọn. Ó wá nu iwájú orí. “Ọjọ́ Ajé,” ó ní. “Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Àlàájà Mùyìbátù wí, ó sì sún ní ìdí láti fún un láyè lórí ẹní. “Ẹ wá jókòó, Alága. Ọjọ́ Ajé kò jìnnà. A ó jọ dúró dè é níbí.”